Màmá Mi Tí Ó Béèrè Ìgbà Tí Yóò Kan Ènìyàn

Yéè, Màmá mi! Ó dìgbà o. Ẹkún ni mo fi ń kọ èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ̀yin aránṣọ àtàtà ní Lakowe, tí ẹ rán sùtánà, aṣọ funfun ìjọ́sìn, fún ìdajì ìjọ wa, tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé èyí tí etí rẹ̀ wọ́ lọ sílé. "A kì í rí wúruwùru lọ síwájú Ọlọ́run," ẹ ó wí, ẹ ó sì tú u palẹ̀. Owó orí máṣíìnì ìránṣọ yín ni ẹ fi rán èmi Bọ́láńlé lọ sí yunifásítì.

Nígbà tí kókó yọ sí yín lọ́mú, ẹ fi pamọ́. Ìgbà tí apá yín kò ṣeé gbé sókè mọ́ ni mo tó mọ̀. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, pé ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀yin tí n kò rí kí ẹ fòyà rí, ẹ di ọwọ́ mi mú gírígírí láti ilé ìwòsàn ní Igbó Ẹfọ̀n títí a fi délé.

Ẹ mọ iṣẹ́ ìwádìí àrùn tí mò ń fi eku ṣe ní yunifásítì. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tí ń bá àrùn jà wà. A ń mú wọn lára eku tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, a ń fi wọ́n sára eku tí ó ní jẹjẹrẹ. Lọ́jọ́ tí a rí i pé kókó náà kò dàgbà mọ́, mo sáré wá sọ fún yín. Ẹ gbórí sókè lórí ibùsùn.

"Bọ́lá, ìgbà wo ni yóò kan ènìyàn?"

"Màmá, ó ṣì kù. Ara eku yàtọ̀ sí tiwa."

"Ẹ tètè ṣe é o. Mi ò fẹ́ẹ́ kú."

Wòlíì ìjọ wa gbàdúrà, àwọn dókítà ṣe tiwọn. Ẹ mí èémí ìkẹyìn lápá mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń wẹ̀, ọwọ́ mi kan nǹkan líle lọ́mú èmi náà. Ẹ̀yin ẹbí, inú ìwé yìí ni ẹ ti kọ́kọ́ gbọ́. N kò lè fi pamọ́. Bí a bá ti sin Màmá tán, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yóò lọ ṣe àyẹ̀wò. N kò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Oorun kò kùn mí.

Màmá, ìrora yín ti tán. Ẹ bá mi bẹ Olúwa. Ẹ sùn re o, ìyá mi, ẹ sùn re.