Kí Ẹni Tó Ń Pè Kọ́kọ́ Dárúkọ

Moṣọpẹ́ Fáṣínà ló ṣe áàpù tí àwọn tó ń gun òpó iná ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìfọwọ́ kan fóònù. Ohùn lásán ni áàpù náà ń gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, áàpù náà pe orúkọ ọ̀gá wọn, Bàbá Ògúnbánwò, sí wọn létí lókè òpó. Bàbá ò dáhùn. Ó tún pè, wọ́n dákẹ́ lọ gbári. Inú bí Moṣọpẹ́. Nígbà tí bàbá sọ̀kalẹ̀, tiwọn tún le jù: "Ta ló kọ́ ọ pé kéèyàn máa jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí?"

Ayépé, níbi tó ti dàgbà, ni ọkàn Moṣọpẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ àgbà ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Bí màmá bá ti oko dé, láti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti máa ń ké: "Èmi ìyá ẹ àgbà ni o! Moṣọpẹ́!" Ìgbà yẹn ni yóò tó dáhùn.

Ó tún áàpù náà ṣe, kí ẹni tó ń pè kọ́kọ́ fi ohùn ara rẹ̀ dárúkọ. Kíá ni bàbá dáhùn.

Ojoojúmọ́ ni Moṣọpẹ́ ń gbọ́ wọn báyìí: èmi lágbájá ni, èmi làkáṣègbè ni. Ẹni tó ń wù ú láti dá lóhùn nìkan ni kò ní pè é láti ẹ̀yìnkùlé mọ́.