Sítúùlù Tí Kò Wọ Abẹ́ Ìyá Rẹ̀

Ìyàwó mi ń jowú. Mi ò sọ ọ́ láti fi bà á lórúkọ jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀, gbogbo àdúgbò mọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ pàápàá mọ̀ pé bí àwọn bá fẹ́ kí aṣọ àwọn tètè yá, kí àwọn kàn sọ pé aránṣọ ìsàlẹ̀ òpópónà ní òun á parí rẹ̀ lọ́la. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán jù. Ó ti dá ti àwọn ọmọdé débi pé bí ọmọ bá ń kọjá lọ, èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ojú.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ìyàwó mi ń jowú, kò sí èyí tó tó àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò yìí, ó rẹwà, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì ṣẹ ìyàwó mi rí, èyí tó tún wá burú jù. Bí ó bá tilẹ̀ bú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkàn ìyàwó mi ìbá balẹ̀.

Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Bí ó bá ṣe díẹ̀ níbí, á di báàgì rẹ̀, á lọ sọ́hùn-ún. Nígbà tí orúnkún wá ń dà á láàmú, ó ní báàgì náà ti sú òun. Ilé kan ni òun máa jókòó sí títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Kò sọ èyí tó jẹ́. Ó ní bí òun bá tún padà sọ́dọ̀ wa, òun á mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti kúrò lójú ìyàwó mi.

A lọ kí Màmá lọ́hùn-ún. Àbúrò gbé tíì wá. Kí ó tó gbé e kalẹ̀, ó fa sítúùlù kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó fa òmíràn jáde lábẹ́ ìyẹn, ó tún fa kékeré kan jáde lábẹ́ ìkejì, ó gbé e síwájú Màmá. Nígbà tí a mu tíì tán, ó tì wọ́n padà sábẹ́ ara wọn, ilẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

"Ẹ ò rí i bó ṣe dáa," ni Màmá wí. "Ife mi ò kanlẹ̀ rí nínú ilé yìí."

Mo mọ̀ pé wàhálà ti dé. Nílé tiwa, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àga ni Màmá ń gbé ife sí, èmi ni mo sì fẹsẹ̀ gbá a dànù nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa kẹ́yìn. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àbúrò rẹ̀ ṣe wọ ilé ìdáná, tí Màmá sì ń tòògbé, ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó kúnlẹ̀, ó wọn ìyá, ó wọn àwọn ọmọ méjèèjì. Bó ṣe ń pe àwọn sítúùlù náà nìyẹn: ìyá, ọmọ àgbà, ọmọ kékeré.

"Ká pe káfíńtà," ni mo wí fún un lọ́nà ilé.

"Ṣé káfíńtà ni Màmá bí ni? Èmi ni wọ́n bí. Ọwọ́ mi ni màá fi ṣe é."

"O ò gbá ìṣó rí láyé ẹ."

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ tó ń gé aṣọ á gé igi."

Ó ra pákó, ó yá ayùn, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tó fi ń dá aṣọ. Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ló fi fa ìlà. Èmi di pákó mú, òun ń gé e, ó sì ń bá àbúrò rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ jà: "Ó ra tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ẹni tó bá ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ràn ìyá ẹ̀ jù ni?" Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ẹ̀gbọ́n ni, ó wá ń bá ẹni tó pọ̀n dàgbà du ìyá.

Iṣẹ́ náà dára, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ó fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó de ẹsẹ̀ wọn, ó fi sáńpépà ha wọ́n títí ọwọ́ fi ń yọ̀ lórí wọn, ó kùn wọ́n ní fáníìṣì. Nígbà tó gbẹ, ó pè mí wá wò ó. Ọmọ àgbà wọ abẹ́ ìyá rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbé ọmọ kékeré, ó tì í. Kò wọlé. Ó yí i padà, ó tún tì í, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó wá jókòó sílẹ̀.

"Mo fi àyè ìdàgbà sí i," ni ó wí.

"Àyè kí ni?"

"Ọmọ kékeré ni mo pè é. Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ti ọmọ kékeré kí wọ́n má fi àyè tó máa fi dàgbà sílẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Láti ìgbà tó ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, kò dá ọ̀kan rí tí kò fi ìka méjì lé e, kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Igi ló wá ṣe é fún báyìí. Ó wò mí, mo sì gbé ẹ̀rín mì. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Àárọ̀ ọ̀la ni àbúrò mi ń mú Màmá bọ̀," ni ó wí. "Á rí i. Á sì fi ohùn ẹ̀ tó tutù yẹn sọ pé ó dáa."

Kò sí àtúnṣe. Bí aṣọ bá tóbi, a lè tú u. Èyí tí gọ́ọ̀mù ti mú, ẹni tó bá ní òun fẹ́ tú u, igi ìdáná ló ń wá.

Àbúrò ló mú Màmá wá, òun ló gbé báàgì. Kó tó jókòó ló ti rí wọn. Ó fọwọ́ ti kékeré náà díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ó mà dáa o. Ṣùgbọ́n èyí ò wọlé."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó mi wí. Bí àbúrò rẹ̀ bá tún sọ̀rọ̀ kan sí i, ìjà ni.

Ìyàwó mi gbé tíì Màmá lé kékeré náà. Nígbà tí Màmá mu ún tán, ìtìjú ò jẹ́ kí ìyàwó mi lè dúró. Ó gbé ife sílẹ̀, ó fẹ́ gbé sítúùlù náà lọ sí yàrá. Màmá di ẹsẹ̀ sítúùlù náà kan mú.

"Ibo lò ń gbé e lọ?"

"Kò wọ abẹ́ ìyá ẹ̀, Màmá. Ọ̀nà ló ń dí."

"Gbé e sílẹ̀."

Màmá ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú awò ojú rẹ̀ jáde, ó fi lé orí sítúùlù. Ó gbé igo oògùn orúnkún lé e, ó gbé rédíò kékeré rẹ̀ lé e.

"Lọ́hùn-ún, bí mo bá ti mu tíì tán, wọ́n á ti sítúùlù mi wọlé, ẹrù mi á padà sínú báàgì. Ilé á mọ́ bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò níbi tó ń gbé awò ojú ẹ̀ sí, àlejò ni." Ó fẹsẹ̀ ti báàgì náà sábẹ́ àga. "Ibí ni mo jókòó sí."

Ìyàwó mi sáré wọ ilé ìdáná; bóyá ẹ̀rín ló ń rín ni, bóyá ẹkún ló ń sun, etí mi ò lè yà á sọ́tọ̀. Mo kó àwọn ife tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, Màmá ti ń tòògbé. Àbúrò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítúùlù kékeré náà, ó ya ìka rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì, jẹ́jẹ́, kí ó má baà kan awò ojú. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo mọ ojú yẹn dáadáa. Láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó ló ti ń bá mi gbélé.