Ẹ̀rọ Tó Ń Dúró de Olóyè, Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Lè Dúró

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n sin Àlàájà Sàfúrátù Ṣéhù sí àgbàlá bàbá rẹ̀ ní Òwu. Ilé Ìwòsàn Ìrọ̀rùn, tó tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹrù tí kò ní olúwa, fi òdòdó ńlá ránṣẹ́. Wọn kò tilẹ̀ bèèrè bóyá àwọn Mùsùlùmí ń gbé òdòdó lé sàréè. Ṣùgbọ́n òdòdó náà tètè dé. Láti ọdún tó kọjá, òun nìkan ni ohun tó tètè ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ ìyá yìí.

Aṣọ funfun ló ń tà ní Òkè-Ìlèwó. Bí ènìyàn bá kú ní Òwu, ìbáà ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọmọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Nígbà tí ìyá mi kú, Àlàájà wá sílé wa, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣẹ́ etí aṣọ òkú.

Mo ní, "Àlàájà, ta ni yóò wo etí aṣọ nínú ilẹ̀?"

Ó ní, "Ìyá rẹ ni. Obìnrin tó máa ń rí ìdọ̀tí aṣọ ẹlòmíràn láti òkèèrè, ṣé o rò pé ikú ti fọ́ ọ lójú ni?"

A rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Ní 1985, kókó kan yọ sí Àlàájà lọ́mú. Dókítà Beatrice Tẹjúmádé ní Ilé Ìwòsàn Ìrọ̀rùn gé e kúrò, ojú ọgbẹ́ sì jinná. Nígbà tó ṣe, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà pe òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bùsírátù.

"Àlàájà, jẹjẹrẹ lè já díẹ̀ nínú ara rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i, kì í sì í pọ̀. Àfi bí ẹni ń wá hóró tẹ̀tẹ̀ kan nínú àpò ìrẹsì. Bí a bá rí i, a ó mọ̀ pé àrùn náà ti ń rìn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn kíá."

"Bí ẹ kò bá rí i ńkọ́?"

"Ìyẹn kò ní kó má sí níbẹ̀. A ó tún wá a."

Àlàájà na apá. "Ẹ fà á."

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá a wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ òṣì tàn yín jẹ. Ìjọ kan lókè òkun ló fi ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ: maikirosikópù tuntun, àti ẹ̀rọ tó ń yí bìrí láti ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n kó o sí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, wọ́n ta ribọ́ọ̀nù pupa dí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Herbert Olújìmí, fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí Olóyè Adébímpé yóò fi wá gé ribọ́ọ̀nù.

Olóyè dà? Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ló lọ ṣe? Ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí fúnra rẹ̀ ló fi ń yangàn níwájú àwọn aláìsàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà fún irú àyẹ̀wò ti Àlàájà kì í pẹ́ bàjẹ́. Wọ́n fà á, ó bàjẹ́. Wọ́n tún fà á, ó tún bàjẹ́. Dókítà Tẹjúmádé bẹ ọ̀gá títí, ó sú u. Níkẹyìn Àlàájà fara ti Bùsírátù, ó wọ́ dé ọ́fíìsì ọkùnrin náà. Bùsírátù ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù," ni ọ̀gá wí. "Ètò ni. A kì í lo ilé tí wọn kò tíì ṣí."

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ mi kò mọ Olóyè. Ẹ yá Dókítà ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Tó bá wò ó tán, ẹ so ribọ́ọ̀nù yín padà. Bó bá já, mo ní òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún Màmá.

Nígbà tí Bùsírátù fi máa gbé ìyá rẹ̀ dé Ìbàdàn, wọn kò wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà jìnnà kí wọ́n tó rí i. Ó ti dé eegun ẹ̀yìn, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Dókítà ibẹ̀ ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá."

Àlàájà dá a lóhùn pé, "A kò pẹ́. Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ wa ni."

Ọjọ́ kejì ìsìnkú rẹ̀ ni Olóyè dé. Ara rẹ̀ le koko, a dúpẹ́. Wọ́n gé ribọ́ọ̀nù, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí pe Àlàájà ní ọ̀rẹ́ ilé ìwòsàn náà, ó ní kí a dìde dúró fún un ní ìdákẹ́jẹ́. Dókítà Tẹjúmádé nìkan ni kò dákẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn ìdí tí mi ò fi lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò." Kíá ni wọ́n fi orin bo ohùn rẹ̀.

Mo bá ọ̀gá lẹ́yìn náà. Ó ní, "Jẹjẹrẹ ni jẹjẹrẹ. Ta ló lè búra pé ẹ̀rọ yẹn ìbá gbà á là?" Kò sí ẹni tó lè búra. Ṣùgbọ́n ta ló fún un láṣẹ láti rí i dájú pé a kò ní mọ̀ láé? Èwo ló yá a lára jù, kí aláìsàn yè ni, tàbí kí Olóyè gé ribọ́ọ̀nù?

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ Ilé Ìwòsàn Ìrọ̀rùn, ẹ sọ fún ìlú bí ẹ bá mọ̀ sí i. Ẹ wádìí iye àwọn mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bàjẹ́ nítorí ayẹyẹ, kí ẹ sì wá wọn lọ sílé. Ní ti Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí, kí ó lọ sí Òwu ní ọ̀sán gangan, kí ó sọ ohun tó ṣe lójú Bùsírátù àti gbogbo ẹbí rẹ̀. Bó bá ti ibẹ̀ dé, kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.