Egúngún Tí Mo Kúnlẹ̀ fún Lẹ́yìn Odi

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì rì mí bọmi dáadáa. Síbẹ̀, èmi náà ni mo kúnlẹ̀ fún egúngún ní ọ̀sán gangan, ní ìlú àwọn elédè Faransé, tí òyìnbó ń yà mí ní fọ́tò.

Ìgbà tí ìjọba gbé SAP dé ni, ètò tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́ tí mo lọ́kọ sí, ọjà ò sì tà. Ìyá wa ránṣẹ́ pè mí sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú wọn ń ṣókùnkùn, dókítà sì ti ní kò ní pẹ́ tí yóò fi fọ́ pátápátá. Wọ́n ní, "Lọ bá mi mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Mo fẹ́ rí i kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yìí ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún ní ìlú kan lẹ́yìn Àbíjàn, níbi tí àwọn ará ilé wa ti ń ṣòwò. Kò wálé rí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nínú mọ́tò, tí àwọn aṣọ́bodè ń tú ẹrù mi wò. Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ mi, ó pa adìẹ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ ilé, á ní, "Èmi tí n kò tíì kọ́lé, kí ni mo fẹ́ lọ fi han àwọn ẹgbẹ́ mi?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilé ni màmá ní àwọn fẹ́ rí ni?"

Ó dìde, ó jáde. Inú bí mi débi pé n kò jẹ adìẹ náà mọ́. Irọ́ ni, mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí ọjọ́ kanifáàlì wọn. Háà! Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin fi ẹfun kun ojú, àwọn ọkùnrin ń fi ẹsẹ̀ igi gíga jó, fèrè ń dún, ìgboro ń mì tìtì. Ẹni tí n kò mọ̀ rí fà mí lọ́wọ́ pé kí n wá jó, mo sì jó. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yẹn títí dòní. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ìlú náà ló ń mú eré tirẹ̀ jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi láàárọ̀ pé àwọn ará wa náà rán aṣọ egúngún, pé eré lásán ni. Mo gbọ́, mo sì gbàgbé.

Bí aṣọ pupa yẹn ṣe yọ ní ìkóríta, orúnkún mi ò bi mí léèrè kó tó tẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ sínú eruku. "Baba, ẹ gbà mí! Kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi relé! Ìyá wa ń fọ́jú lọ, ojú ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ rí, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì!" Èrò ń pàtẹ́wọ́, òyìnbó ń yà mí ní fọ́tò. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Egúngún dúró. Ó fi ohùn híhá súre fún mi, bí egúngún ti í ṣe. Ó wá fi oríkì àbísọ mi pè mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ oríkì yẹn ní gbogbo ìlú náà. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ egúngún, bó bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Yóò bá ọ lọ." Mo ní, "Àṣẹ, Baba," mo wá bàtà mi.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó ti wẹ̀. Èèyàn lè ṣèlérí kó yẹ̀ ẹ́; egúngún kì í súre kó yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọjọ́ wo la ń lọ?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. A ò sì sọ ọ̀rọ̀ egúngún yẹn rí láàárín ara wa.

Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá wa ní kí ó wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú, wọ́n sún ojú mọ́ ọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n bú sẹ́kún, "o ti hewú."