Ẹ̀pà Ajarat Há Sàfúrátù Lọ́fun

Ní agbègbè wa, oríṣi ènìyàn méjì ni kò gbọdọ̀ di nǹkan mú pẹ́: àwọn tó ń já iṣu nínú lọ́rì ní Kétu, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n tí kò nídìí, fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tísà ní Ìkòsí. Sàfúrátù wà nínú méjèèjì.

Ìyá rẹ̀ ló ń ta iṣu lọ́jà Kétu. Tí lọ́rì bá dé, àwọn ọmọ á tò láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n á máa ju iṣu láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí iṣu bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, a jẹ́ pé o ti ń ṣà á fún ìkòkò tìrẹ nìyẹn, gbogbo ọjà á sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni Sàfúrátù ti kọ́ bí a ṣe ń ju nǹkan síbi tí ojú ẹni kò sí.

Ọ̀gá Elkanah tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù rí ọwọ́ yẹn, ó sì fi ṣe ìlànà gbogbo ẹgbẹ́: bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣẹrí gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní Martha, ọmọ tó ga bí òpó iná. Ẹ ṣáà gbé e fún Martha, kí ẹ wá ibi dúró sí. Ìlànà méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́.

Ajarat ni wàhálà Sàfúrátù. Ọ̀dọ̀ Ajarat ni bọ́ọ̀lù ń dé gbẹ̀yìn, òun ló ń sọ ọ́ sínú agbọ̀n, orúkọ rẹ̀ sì ni ayé ń pè. Kódà ẹlẹ́pà ẹnu géètì máa ń bu ẹ̀pà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Sàfúrátù kì í jẹ ẹ̀pà. Síbẹ̀, ẹ̀pà yẹn ń há a lọ́fun lójoojúmọ́.

Lọ́dún 1978, Ìkòsí àti Ìṣẹrí pàdé ní àṣekágbá, lórí pápá Ìkòsí. Mìsíìsì Fáṣínà, tó ń ṣa eléré fún ìpínlẹ̀, ní òun máa mú ẹnì kan péré nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan. Sàfúrátù wo Ajarat, ó pinnu pé lónìí, kò síṣu fún ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó ń lù ú mọ́lẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Báyìí ni Ìkòsí ṣe wá ń gbá eré Ìṣẹrí, àfi pé Martha tiwọn kò ga ju ìlẹ̀kùn ilé adìẹ lọ. Ìṣẹrí ń jẹ góólù bí ẹni ń jẹ àkàrà.

"Sàfú, gbé e wá jàre!" Ajarat kígbe.

"Lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́pà!"

Ni ohùn kan bá là láàrin èrò: "Sàfúrátù! Ìkòkò ta lo ń ṣa iṣu yẹn fún?"

Ìyá rẹ̀ ni. Àwọn ará ọjà tó bá a wá bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú di ìbínú. Sàfúrátù wo apá òsì, ó sọ bọ́ọ̀lù sápá ọ̀tún, líle bí òkúta, kó lè bọ́ mọ́ Ajarat lọ́wọ́, kí òun náà gba ẹ̀sín tirẹ̀. Ajarat hán an. Ó wọlé. Sàfúrátù tún sọ òmíràn sí i, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wọlé. Bí owú ṣe ń gbóná ni bọ́ọ̀lù ń yá sí i. Martha ń yí ọrùn kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Kí fèrè tó dún, Ìkòsí ti borí.

Èrò gbé Ajarat lé èjìká. Mìsíìsì Fáṣínà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó dúró níwájú Sàfúrátù.

"Ìwọ ni mo mú. Àwọn tó ń sọ ọ́ sínú agbọ̀n pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń jù ú báyìí la ò ní."

"Ẹ ṣé, Mà." Sàfúrátù kúnlẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀ síbi tí Ajarat á ti rí i dáadáa. "Ta ni màá máa jù ú fún, Mà?"

"Martha."

Sàfúrátù yíjú. Martha wà lẹ́nu géètì, ẹlẹ́pà ń bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.