Bẹ́líìtì Tí Àrìnkẹ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pààrọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Àrìnkẹ́, ẹ kàn sọ fún un pé nǹkan kan kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ìyẹn nìkan ti tó. Obìnrin tó ní ẹbu ìfúnpo tirẹ̀ lóko tó wà lẹ́yìn Ìkọ̀yà, tó ń tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ẹyìn tó sì ń tò ó padà láìpe ẹnikẹ́ni! Òun náà ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó epo lọ sí Òkìtìpupa. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọkọ̀ tó wà ní gbogbo oko yẹn. Yàtọ̀ sí i, ọ̀kadà ló kù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yìí gan-an ló di egbò sí Àrìnkẹ́ lọ́kàn. Lọ́dún tó kọjá tí àbúrò rẹ̀, Ṣìkẹ́mi, ń rọbí, ọkọ̀ kò sí nílé. Àrìnkẹ́ ti fi kó epo lọ. Ni wọ́n bá gbé Ṣìkẹ́mi sórí ọ̀kadà. Ọ̀kadà rì sínú ẹrẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù, ọmọ kò sì yè. Ṣìkẹ́mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àrìnkẹ́ ni kò dárí ji ara rẹ̀.

Oyún mìíràn ti wá pé oṣù báyìí. Àrìnkẹ́ lọ mú àbúrò rẹ̀ wá sílé ara rẹ̀, ó ní, "Ìwọ, kí o tún gun ọ̀kadà? Lójú èmi Àrìnkẹ́? Láéláé!" Ó ti ń múra láti gbé e lọ sí ìlú kó lọ dúró de ọjọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ni Joel mẹkáníìkì bá yọjú wo inú ẹ́ńjìnì, ó sì mi orí.

Bẹ́líìtì táímìn ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, bẹ́líìtì rọ́bà eléyín kan ni, tó so kẹ̀kẹ́ òkè ẹ́ńjìnì mọ́ ti ìsàlẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè máa yí pọ̀. Bó bá já lójú ọ̀nà, irin inú ẹ́ńjìnì á máa forí gbá ara wọn, ó parí nìyẹn.

"Kò tíì pẹ́ tí mo fi èyí sí i, kí ló wá bà á jẹ́ báyìí?" Joel ní. "Mọ́mì, ẹ má wa ọkọ̀ yìí jáde mọ́ o. Kódà, ẹ má wà á dé oríta."

Ó ra tuntun wá, ó jù ú sínú ọkọ̀, ó ní tó bá di ọ̀la òun á wá fi sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n pè é láti Sapele pé bàbá ìyàwó rẹ̀ ti kú. Joel bá tirẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ bá a wí? Àna ẹni kú, a ò lọ?

Àrìnkẹ́ pè é lórí fóònù. "Joel, èmi ni mo tan iná sí i fún ọ lọ́jọ́ tí o fi í sí i. Gbogbo ohun tí o ṣe ni mo rí."

"Mọ́mì, rírí kọ́ ni ṣíṣe! Bí eyín kan ṣoṣo bá fò, ẹ́ńjìnì ti lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú."

"Ṣé kí n sọ fún oyún pé kó ní sùúrù?"

Àrìnkẹ́ bá pa fóònù.

Àrìnkẹ́ jókòó ti pupuru tó rò, kò lè gbé e mì. Bí òun bá fọwọ́ kàn án tí òun sì ṣì í ṣe, ọkọ̀ ti kú, ọ̀kadà náà ni Ṣìkẹ́mi máa gùn. Bí òun bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè já nínú igbó, tòun ti ẹni tó ń rọbí. Ẹ̀rù bà á, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó ti àwo pupuru sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dìde, ó lọ mú jáàkì, ó fi gbé ọkọ̀ sókè, ó sì yọ táyà iwájú kan.

Ṣìkẹ́mi gbé bẹ́ǹṣì wá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó tì í. Nígbà tí Àrìnkẹ́ ń wá ohun tó máa fi sàmì sára kẹ̀kẹ́ méjèèjì kó má baà ṣìnà, Ṣìkẹ́mi na ìgò kan sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì mi ṣe é. Kì í tètè parẹ́."

Bó ti ṣí ìdérí bẹ́líìtì báyìí, òórùn kan bọ́ sí i nímú. Kì í ṣe òórùn epo ọkọ̀. Òróró ìyàsímímọ́ ni, tòun ti lọ́fínńdà tí wọ́n pò mọ́ ọn! Èèmọ̀! Ìyá wọn ni. Aláṣọ funfun ni ìyá wọn, Ìyá Ìjọ pátápátá; bí oṣù bá ti lé, á ní kí wọ́n ṣí iwájú ọkọ̀, á gbàdúrà sí i, á sì da òróró sórí ẹ́ńjìnì. Igun ìdérí yẹn ti fọ́, ibẹ̀ ni òróró ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ẹbu mọ̀ pé rọ́bà àti òróró kì í ṣọ̀rẹ́. Bẹ́líìtì ti wú, ó ti rọ̀ bíi pọ̀nmọ́.

Bí ó ti fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sára kẹ̀kẹ́ méjèèjì, tó fa èyí tó bàjẹ́ yọ, tó sì fi tuntun sí i tán, ìyá náà ló yọ yẹn, láìwọ bàtà, ìgò òróró lọ́wọ́. "Yà fún mi, kí n yà á sí mímọ́."

"Màmi, òróró yín ló fẹ́ pa wá!"

Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó mọ̀. Ìyá dúró gbagidi. "Èmi? Èmi tí mò ń gbààwẹ̀ nítorí yín?"

Ìbínú Àrìnkẹ́ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmi. Bẹ́líìtì kì í gba òróró. Èmi ni mo lè gbà á. Ẹ dà á lé mi lórí."

Ìyá dà á. Ó dà á títí. "Ó tó o, Màmi, ó ti ń wọ̀ mí lójú!" Ìyá fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì di etí bẹ́ǹṣì mú gírí.

Àrìnkẹ́ nu ojú, ó nu ọwọ́ dáadáa, ó fi sípánà gígùn yí ẹ́ńjìnì wò, nítorí Joel kì í fi kọ́kọ́rọ́ sí i láìkọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yí díẹ̀, ó yí díẹ̀ sí i, ó bá há. Ẹlòmíràn ì bá fi agbára yí i. Àrìnkẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ó wo àmì kútẹ́ẹ̀sì: ti òkè ti fi eyín kan ṣoṣo fò.

"Háà! Olúwa, o ṣeun," ó ní, òógùn bò ó. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó tú u padà, ó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, ó yí i, ó tún yí i, kò há, àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì bọ́ sí ojú ibi tó yẹ. Ó dá táyà padà, ó wọlé sọ́kọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dún lọ geere. Ìyá pariwo halelúyà.

"Ṣìkẹ́, o gbọ́ ọ? Ó di ìlú lọ́la!"

Ṣìkẹ́mi kò dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pa á."

"Kí ló dé?"

"Ìrọbí ti mú mi látàárọ̀. N kò sọ ni, kí ọwọ́ yín má baà gbọ̀n."

"Orí ẹ dàrú ni? O jókòó síbẹ̀ ò ń rẹ́rìn-ín!" Bó ṣe ń bú u lọ́wọ́ ló ń gbé e wọ ọkọ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò já wọn kulẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù ní Òkìtìpupa.

Ọmọbìnrin ni, ó ké tí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ Àrìnkẹ́, ó ní kó lọ fọ̀ ọ́ kó tó gbé ọmọ. Àrìnkẹ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, dúdú gíríìsì kò kúrò ní èékánná. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀," Ṣìkẹ́mi sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ọwọ́ yẹn ló gbé e dé."