Akple Tí Agbeko Jẹ Níbi Ìsìnkú

Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí inú ti ń run Agbeko, ahunṣọ ará Agbozume ní ilẹ̀ Ghana. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó pè é ní ebi. Nígbà tó yá, ó pè é ní ọgbẹ́ inú, torí ohun tí ẹni tó ń ta oògùn fún un sọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kò pè é ní nǹkan kan mọ́. Bó bá ti jẹun, kó tó fọwọ́ tán, ikùn rẹ̀ á ti wú gbandi, ìfun rẹ̀ á máa lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi ara rẹ̀, á wá di eré dé ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé. Nígbà míì, ẹ̀jẹ̀ á wà níbẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n dáadáa yẹ bébà náà wò, ó ní, "Bàbá, a ò rí nǹkan kan o." Agbeko sunkún bọ̀ wálé. Ó wù ú kí wọ́n rí nǹkan, kó tiẹ̀ jẹ́ èyí tó máa pa á.

Ẹ̀kọ mímu tí kò dùn tí kò kan, àti ìrẹsì tí Esinam ìyàwó rẹ̀ sè rọ̀ bí ẹ̀kọ, àwọn nìkan ló kù tó lè jẹ. Esinam nìkan náà ló sì mọ̀. Ojú ń ti Agbeko láti sọ fún ẹlòmíì.

Ìgbà náà ni orogún Tasi Afiwa kú. Àbúrò bàbá Agbeko ni Tasi, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Orogún rẹ̀ yìí kò ṣàìsàn rárá, orí àga ló jókòó sí tó fi dákẹ́. Kí wọ́n tó sin ín, àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé Tasi ló pa á jẹ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Tasi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé akple, òkèlè àgbàdo, àti ọbẹ̀ ilá tó pọ́n fún ata wá síwájú Agbeko.

"Ẹ ṣeun, Tasi. Mo ti yó láti ilé."

"O tún ti yó? Lọ́jọ́ Kérésì, o yó. Nígbà tí a sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ, o yó. Agbeko, kí ni ọwọ́ mi ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n olóògbé gbé ohùn sókè lábẹ́ àtíbàbà. "Ọmọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́ gan-an ò jẹ́ fẹnu kan oúnjẹ ẹ̀. Ẹ̀rí wo la tún ń wá?"

Àwo yẹ̀ lọ́wọ́ Tasi, ọbẹ̀ ń dà sí i níró. Esinam rọra tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n Agbeko ti ń fọwọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo, ó na àwo náà padà.

"Ẹ bu sí i, Tasi! Ẹni tí ò bá tíì jẹ nínú ọbẹ̀ yìí, ìyà ń jẹ ẹ́ ni!"

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ àtíbàbà.

Kò tíì délé tí inú ti dá a dúró lọ́nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè nàró. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ló ń yà. "Ó ti sú mi, Esinam," ló ń wí ṣáá. "Bí mo bá kú, ó tó báyìí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Tasi wá wo ìdí tí kò fi wá síbi ìdúpẹ́. Inú ṣáláńgá ló bá a, ó fara ti ògiri, kò lè dìde. Òun àti Esinam ló gbé e wọlé. Ìyá arúgbó náà bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́. Agbeko fọwọ́ bojú.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó lé ní ọdún mẹ́jọ."

"O sì jẹ akple mi?"

"Wọ́n ń wò yín."

Tasi jókòó gbì sílẹ̀. "Èmi ni mo rò pé ò ń sá fún," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Esinam ní òun fẹ́ lọ pe mọ́tò tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Tasi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ló ti rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i."

"Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó jẹun lọ́wọ́ mi, ó sì dùbúlẹ̀…" Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ju ọwọ́ Esinam sílẹ̀. "Má dá mi lóhùn. Lọ pe mọ́tò. Kí ni mo tún fẹ́ fi ayé ṣe?"

"Rárá," Agbeko wí láti orí ẹní. "Ẹ gbé mi lọ sídìí òfì."

"Bàbá Selasi, ṣé orí yín pé báyìí?" Esinam bi ọkọ rẹ̀.

"Kí wọ́n kọ́kọ́ rí mi lónìí. A máa lọ sílé ìwòsàn lọ́la."

Wọ́n ká àkísà sí i nínú ṣòkòtò, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ tó mọ́, wọ́n fà á lọ́wọ́ méjèèjì dé abẹ́ igi máńgòrò létí títì, níbi tí òfì rẹ̀ wà. Dotse, ahunṣọ tí wọ́n jọ dojú kọra, ló kọ́kọ́ pariwo.

"Agbeko! Mo ṣe bí akple Tasi ti mú ẹ sanra tó bẹ́ẹ̀ tó ò gba ẹnu ọ̀nà jáde mọ́ ni!"

"Àṣẹ́kù ẹ̀ ni mo dúró jẹ nílé," Agbeko dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n olóògbé ń kọjá. Ó dúró, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Títí di ọ̀sán, aṣọ tó hun kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Igi tó dábùú iwájú òfì, ibi ikùn gan-an ló ń tẹ̀. Òógùn ń kán sórí òwú. "Esinam," ó sọ ọ́ lábẹ́ ohùn, "wá dúró síwájú mi. Ṣe bí ẹni ń wo aṣọ."

Esinam dúró, ó tú ìró rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ tún un ró. Lẹ́yìn aṣọ náà, ọkọ rẹ̀ dorí kodò lé òfì, ó ki òwú sẹ́nu, ó sì gé e jẹ kó má baà ké.